Ilé fún Gbémi ní Apá Ìhín Afárá

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Karùn-ún 1996. Bonabéri.

Òjò ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Douala ní Cameroon, kí ọmọ mi tó kí mi. Ẹrẹ̀ ọ̀nà Mamfe tí mo gbà wá láti Nàìjíríà ṣì wà lára búbà mi nígbà tí mo dé, omi sì ti mu ènìyàn dé orókùn lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Fáṣínà, ọkọ ọmọ mi tó jẹ́ télọ̀, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí n gun òun lẹ́yìn. Mo ní rárá. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ti pọn ìyàwó mi rí, ẹ jẹ́ n san án padà." Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ṣe wọ ìlú ńlá, lẹ́yìn télọ̀, tó di àpò mọ́ àyà bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Gbémi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ ni mo wò, mi ò wo ikùn rẹ̀. A sọ̀rọ̀ ọ̀nà, a sọ̀rọ̀ ẹ̀wà tó wọ́n, a sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tó kọ̀ tí kò wá nítorí ewúrẹ́ rẹ̀ kan tó fẹ́ bímọ. Ìgbà tó yá la wá kan ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá. Dókítà rẹ̀ wà ní Akwa, ní òdìkejì odò Wouri, afárá kan ṣoṣo ló sì wà. Oyún àkọ́kọ́ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti ọdún tó kọjá, orí afárá yẹn ni, nínú takisí, láàrin ọkọ̀ tí kò lọ síwájú tí kò sì lè padà sẹ́yìn. Dókítà ti wá là á mọ́lẹ̀ fún un: kó kúrò ní Bonabéri kí òjò ńlá tó dé, kó wá ibi tí ọkọ̀ á ti tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ òun, kó sì máa sinmi níbẹ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án. Fáṣínà kò lè fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Marché Congo sílẹ̀ kó máa wá ilé kiri. Èmi ni ọwọ́ mi dilẹ̀.

"Màámi, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

"Ta ni n ó sọ fún? Mi ò mọ ẹnì kankan níbí."

"Mo mọ̀ yín. Ẹ ṣèlérí."

Mo ṣèlérí. Kò tilẹ̀ yẹ kó bẹ̀ mí. Ní ilé tí wọ́n gbé tọ́ èmi náà, a kì í ka oyún sétí aráyé. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ ké.

Ọjọ́rú, 15 oṣù Karùn-ún

Òjò látàárọ̀. Gbémi mu ẹ̀kọ, ó sùn. Mo jókòó tì í, mo ń ṣe bí ẹni tó ń kàwé.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù Karùn-ún

Fáṣínà mú mi lọ kí Olóyè Akíntúndé ní New Bell, nítorí kò sí Yorùbá tó ń wá ilé ní Douala tí kì í kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju ilé lọ: Ààrẹ Àpapọ̀, Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Ọmọ Yorùbá, Ẹ̀ka Douala àti Gbogbo Agbègbè Rẹ̀. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù gbé àga rẹ̀ ga díẹ̀ ju tiwa lọ.

"Tíṣà," ó ní, "ìlú ò fara rọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Bakassi tí Nàìjíríà àti Cameroon ń jà sí yìí, ìbọn tún ti dún níbẹ̀. Nígbà tó bá rí báyìí, ọmọ Yorùbá kan ò gbọdọ̀ dá gbé láàrin àwọn àjèjì."

"Olóyè, ṣé àwa kọ́ ni àjèjì?"

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́ àwàdà ọmọdé. Ó ní òun ní yàrá méjì lẹ́yìn. Ó ní kò sí ọlọ́pàá tó jẹ́ wọ agbo ilé òun láìkọ́kọ́ ṣí fìlà. Ẹnu èyí ló wà tí ẹnì kan fi ké níta pé "Rafle!", ọlọ́pàá ti dé láti kó àwọn tí kò ní ìwé. Ká tó ṣẹ́jú, agbo ilé ti dá. Àwọn ọmọṣẹ́ ti fo ògiri, obìnrin tó ń dín beignet ti fi iná àti òróró sílẹ̀, àga Ààrẹ sì ṣófo. Èmi àti Fáṣínà la kù tí a na ìwé wa sí àwọn ọlọ́pàá. Èyí tó dàgbà nínú wọn bi mí ohun tí mo wá ṣe ní Cameroon. Mo fi Faransé tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ Ọ̀ffà títí orí mi fi funfun dá a lóhùn, mi ò jẹ́ kí òfin gírámà kan bọ́ sílẹ̀. Ó wò mí pẹ́.

"Maman," ó ní, "kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ báyẹn mọ́." Ó dá pásípọ́ọ̀tù mi padà, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ààrẹ jáde láti inú ilé adìyẹ. Ìyẹ́ kan dúró ṣánṣán lórí fìlà rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un. Ó ní òun lọ wò ó bóyá adìyẹ ti yé ni. Ó sì kó ẹyin fún wa lóòótọ́ pé ká mú un lọ fún Gbémi. Láti ìgbà yẹn ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Àárín ènìyàn ẹni dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọdọ̀ sáré kò lè gbé ibi tí wọ́n ti ń sáré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Karùn-ún

Fáṣínà bá mi rí Boris, ọ̀kan nínú àwọn tó ń báni wá ilé. Démarcheur ni wọ́n ń pè wọ́n níbí. Ó ń wọ bàtà funfun nínú ẹrẹ̀, nítorí náà mo mọ̀ pé onígbàgbọ́ ni. Lójú Boris, kò sí ibi tó jìnnà sí ibikíbi ju cinq minutes, ìṣẹ́jú márùn-ún, lọ.

Bonapriso la kọ́kọ́ lọ. Mo rí ajá, mo rí ọlọ́dẹ, mo rí ògiri tí wọ́n to ìgò fífọ́ sí lórí. Mi ò rí ènìyàn. Mo kí "bonjour" láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópó kan dé òpin rẹ̀, ajá nìkan ló dáhùn. Owó ilé oṣù kan níbẹ̀ á gbé owó ìfẹ̀yìntì mi ọdún kan mì, bí ìjọba bá tiẹ̀ rántí san án.

"Àbò wà níbí, maman."

"Bí ènìyàn bá ké lóru, ta ni yóò gbọ́?"

Boris rò ó dáadáa. "Ajá," ó ní.

Lọ́sàn-án a dé Youpwè. Owó ilé kò wọ́n. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja pè mí wá jókòó kí wọ́n tó béèrè orúkọ mi. Mo ra ẹja bounga, wọ́n sì fi ènì tó dára sí i. Ká ní èmi ni mo fẹ́ gbé ibẹ̀, mi ò bá ti tẹ́ ẹní. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wọlé lálẹ́, èéfín ara aṣọ mi nìkan ti gbé Gbémi dìde lọ sídìí páànù, ó bì títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Youpwè ti yẹ̀ nìyẹn. Mo fún ọlọ́jà ẹ̀gbẹ́ ilé ní bounga náà, mo sì fọ aṣọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù Karùn-ún

Japoma. Cinq minutes. A wọ takisí, a gun ọ̀kadà, a wá fẹsẹ̀ rìn láàrin oko gbágùúdá. Atẹ́gùn ibẹ̀ dára. Ilé náà tuntun débi pé fèrèsé kò tíì dé ara rẹ̀.

"Ilé ìwòsàn ńkọ́, Boris?"

"Ó ń bọ̀, maman. Ọ̀dà ń bọ̀, iná ń bọ̀, ilé ìwòsàn ń bọ̀. Ẹni tó bá tètè dé ni yóò jèrè."

Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé ẹni tí à ń wá ilé fún kò lè dúró de ohun tó ń bọ̀, nítorí òun náà ń bọ̀. Mo gé ètè jẹ. Boris ní, "Ẹ tún ti dákẹ́ lójijì, maman. Ẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́rú, 29 oṣù Karùn-ún

Bépanda. Ilé dáadáa ni, ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn. Mo bi Boris kí ló dé tí wọ́n fi kun ún mọ orókùn nìkan. Ó ní bóyá ọ̀dà tán. Mo fi èékánná ha á, mo rí ilà omi òjò ọdún tó kọjá lábẹ́ rẹ̀, tó tẹ́ bí ilà tí mo máa ń fi rúlà fà sójú pátákó. A padà sílé.

Ìrèké ni Gbémi ń fẹ́ jẹ lónìí. Fáṣínà rí i rà. Wọ́n jókòó, wọ́n ń jà sí èyí tó gùn jù bí ọmọdé.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà

Mo rí ilé. Mo sì sọ ọ́ nù lọ́sàn-án kan náà.

Deido ni, ní apá Akwa afárá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga, ọ̀dà dé ẹnu géètì, takisí ń kọjá ní gbogbo ìgbà, ibẹ̀ sí ọ̀dọ̀ dókítà sì jẹ́ cinq minutes lóòótọ́. Ó ya Boris fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Àwọn ènìyàn jókòó sí iwájú ilé wọn, gbogbo wọn ló sì dá mi lóhùn nígbà tí mo kí wọn. Yàrá méjì ni, lẹ́yìn àgbàlá. Opó kan tí ń jẹ́ Marguerite ló ni ín, ọmọ ẹ̀yà Duala gan-an, tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Kábà tó wọ̀ fẹ̀ débi pé bó ṣe jókòó, àga kò hàn mọ́. Ó bu omi fún mi mu. Inú mi dùn, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ìyá gbọ́dọ̀ béèrè. Ṣé wọ́n máa ń ti géètì lóru? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé? Ṣé ọkọ̀ lè wọlé dé ẹnu yàrá láìjẹ́ pé gbogbo àdúgbò rí ẹni tó wọ̀ ọ́? Bí wọ́n bá dí ọ̀nà iwájú, ṣé ọ̀nà mìíràn wà lẹ́yìn? Bí mo ṣe ń béèrè ni ojú rẹ̀ ń tì bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́.

"Ènìyàn mélòó ló fẹ́ gbé ibẹ̀, madame?"

"Èmi, ọmọ mi obìnrin, àti ọkọ rẹ̀."

"Iṣẹ́ wo ni ọmọ yín ń ṣe?"

"Ó ń sinmi."

"Kí ló ṣe tó fi ń sinmi?"

Mo gbé omi náà sẹ́nu. Ó dìde, kábà dìde tẹ̀lé e. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ìbátan òun kan ti bẹ òun sílẹ̀ nítorí yàrá náà.

Lójú ọ̀nà, Boris kò bá mi ṣàwàdà. "Maman, ọmọ Nàìjíríà tó ń béèrè ọ̀nà ẹ̀yìn lákòókò yìí, kí lẹ fẹ́ kó rò? Ọmọ kan ṣoṣo tó ní, sójà ni. Franck. Bakassi ló wà."

Oyún ni mo ń fi pamọ́ láti ọjọ́ yìí. Lójú ẹni tó ń wò mí, ìbọn ni.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹfà

Tírélà kan ṣubú sórí afárá láàárọ̀. Lọ́sàn-án inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Gbémi. Fáṣínà sáré lọ wo afárá, ó sáré padà, mi ò bi í léèrè nítorí mo ti rí ojú rẹ̀. Gbémi fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Kò sunkún, èmi náà ò sunkún, a kàn ń tẹ́tí sí i bí ẹni tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn lóde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó rọlẹ̀. Tírélà náà ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà tó sùn, Fáṣínà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń rán aṣọ tí kò ya.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Kẹfà

Mo dá lọ sí Deido, mi ò sọ fún Boris, mi ò sọ fún Gbémi. Marguerite ń tú ewé ndolé nínú àgbàlá. Kò ní kí n jókòó. Mo jókòó.

"Madame, mo ti fi yàrá náà fún ènìyàn."

"Mo gbọ́. Kì í ṣe yàrá ni mo bá wá. Mo fẹ́ sọ fún yín ìdí tí mo fi béèrè gbogbo ohun tí mo béèrè, kí ẹ má baà máa bẹ̀rù nítorí mi."

Mo sọ ọ́. Àkọ́kọ́, èkejì, afárá, tírélà àná. Mo gbàgbé gírámà. Ó ń já ewé nìṣó títí mo fi parí.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé?"

"Ní ilé wa, a kì í sọ ọ́ kó tó bọ́ sí wa lọ́wọ́."

"Ní ilé wa náà." Ó gbá èèpo ewé jọ. "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lóyún nínú ilé yìí, mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ tó ń rọbí. Ẹ sì wá sọ ọ́ fún mi."

"Mo ti rí i pé ẹ̀rù ń bà yín ju bó ṣe ń bà mí lọ."

Ó wò mí nígbà náà. Ó ní láti ìgbà Àjíǹde òun ò tíì gbọ́ ohùn ọmọ òun. Ó ní òun kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí bí òun bá sọ ọ́, yóò dà bí ẹni pé òun ń pe aburú wá. Mi ò sọ pé Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Mo fa igbá súnmọ́ra, mo bá a já ewé. Nígbà tó ṣe ó ní, "Èyí tí ẹ ń já yẹn ti gbó jù." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ gbé ọmọ yín wá lọ́la, kí òjò tó dé."

"Ìbátan yín ńkọ́?"

"Ìbátan wo?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹfà. Deido.

A kọjá afárá ní ìdájí, nígbà tí ọkọ̀ ò tíì pọ̀. Fáṣínà gbé mátírẹ́ẹ̀sì sórí káàtì, ó fi okùn dì í mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Gbémi ò bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti jẹ́wọ́ fún un kí a tó gbéra, ohun tó sì sọ ni, "Ẹ ṣèlérí." Ó kọjú sí ògiri yàrá tuntun títí di ọ̀sán. Marguerite gbé ọbẹ̀ ndolé àti miondo, gbágùúdá tí wọ́n fi ewé sè, wá, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò wo ikùn ẹnikẹ́ni. Ojú Gbémi nìkan ló wò. Ó ní, "Ma fille, omi wà nínú àgbá," ó sì lọ.

Nígbà tó ṣe, ohùn kan wá láti ìhà ògiri. "Kí ni obìnrin yẹn sọ nígbà tí ẹ sọ fún un?"

"Ó ní ewé tí mo ń já ti gbó."

Èjìká rẹ̀ mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

Ọjọ́ Àìkú, 30 oṣù Kẹfà

Mo ti ń pe Marguerite ní Ìyá Franck. Ó béèrè ìdí rẹ̀, mo ní bí a ṣe ń pe ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún nìyẹn. Ó mú mi lọ kí gbogbo òpópó, ó ń fi mí hàn bíi "la maîtresse", ìyẹn tíṣà. Àwọn kan ń mú ọmọ wá kí n wo ìwé wọn.

Bí rédíò bá ti dárúkọ Bakassi, ẹni tó bá yára nínú àwa méjèèjì á pa á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 oṣù Keje

Ààrẹ Àpapọ̀ wá bẹ àdúgbò wò, ó wọ agbádá nínú òjò. Ó ṣàlàyé fún Marguerite, ní Faransé tí èmi ì bá fi gègé pupa kùn, pé òun ni olórí gbogbo Yorùbá tó wà ní Douala.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti dìbò yàn yín, Monsieur le Président?"

"A kì í dìbò. Wọ́n kàn ń tẹ́wọ́ gbà mí ni."

"Tiwa náà," Marguerite ní, ó sì tún bu ọbẹ̀ sí i.

Ó jẹun yó. Kó tó lọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi dígí ojú olóyè rẹ̀ sápò, ó wá di ẹni tó lè jẹ́ àbúrò mi. "Tíṣà, ẹ ti yan ibi tó dára. Ẹ má sọ fún ẹgbẹ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Kẹjọ

Òjò kò tíì dá láti ọjọ́ Àìkú. Fáṣínà lọ wo ilé àtijọ́ ní Bonabéri. Ó ní omi ti dé fèrèsé, ọ̀pọ̀lọ́ kan sì jókòó sórí páálí bí onílé. Afárá tún dí. Gbémi ń sùn. Ó ti sanra débi pé òrùka kò wọ ọ́ lọ́wọ́ mọ́. Mi ò sọ ọ́ síta, níhìn-ín nìkan ni mo kọ ọ́ sí.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹsàn-án

Mo kọ ọ́ kí ọwọ́ mi má baà gbàgbé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni omi oyún Gbémi ya. Òjò ń rọ̀ bí ẹni ń da iyanrìn sórí páànù. Fáṣínà wà ní ọjà. Takisí ń kọjá, wọ́n kún, wọn ò dúró. Ìyá Franck já sí àárín títì, ó na ọwọ́ méjèèjì, kábà rẹ̀ gba ojú ọ̀nà tán látìhín dé ọ̀hún. Takisí kan ní láti dúró. Ó ní kí gbogbo èrò inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú òjò. Ọkùnrin kan tó di báàgì ọ́fíìsì mú fẹ́ ṣàlàyé ẹni tí òun jẹ́. Ìyá Franck ní, "Ọmọ mi fẹ́ bímọ, monsieur. Ẹ lè máa ṣàlàyé fún òjò." Ọ̀nà ṣí títí dé Akwa. Dókítà kò tíì wọ ibọ̀wọ́ tán nígbà tí a wọlé.

Obìnrin ni. Ó ké. Gbémi ní kí n má wo òun, ó ń sunkún, mo sì wò ó. Ó ní, "Màámi, ẹ lè sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wù yín báyìí."

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹsàn-án

Mọpẹ́olúwa la sọ ọmọ lónìí. Ààrẹ sọ̀rọ̀ gígùn, ọmọ sùn já a. Boris wá, bàtà rẹ̀ funfun, ó ní òun ló rí ilé náà. A gbà fún un.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹsàn-án

Ìwọ́ ọmọ já láàárọ̀. Fáṣínà fi òwú wé e, ó ní kí n mú un lọ sílé, kí wọ́n sin ín sí agbo ilé bàbá òun ní Ọ̀ffà bí wọ́n ṣe sin ti gbogbo wọn. Ẹ̀tọ́ ni. Mo ti ń wá ibi tí n ó tọ́jú rẹ̀ sí nínú àpò.

Gbémi ní, "Ibí ló ti gbà láti dúró sí mi lára. Ẹ má gbé e lọ."

Wọn ò jà. Fáṣínà wò ó, ó wo ọmọ, ó tú òwú náà wò, ó tún un wé, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ẹ bá wa bẹ onílé, Màmá." Òótọ́ ni, yàrá la háyà, a ò háyà ilẹ̀.

Mo lọ bá Ìyá Franck nídìí ààrò. Mo sọ ohun tó wà nínú òwú, mo sọ ohun tí à ń fẹ́. Ó nu ọwọ́ sára kábà, ó mú ọkọ́ tó fi ara ti ògiri, ó sì jáde lọ sẹ́yìn ilé, sí ibi tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi ìfọṣọ sí. Mo tẹ̀lé e. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ewé kúrò lórí ilẹ̀.

"Ti Franck wà níbí," ó ní. Ó sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na ọkọ́ sí mi. "Ẹ gbẹ́ ẹ síbí. Ẹ rọra gbẹ́ ẹ."